Ṣájà bálánsì fún bátìrì LiPo: èwo ni kí ẹ rà nígbà tí owó ò pọ̀?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù, mọ́tò tàbí ọkọ̀ ojú omi onírìmóòtù ṣeré sábà máa ń kó gbogbo owó rẹ̀ sórí ohun tó ń fò tàbí tó ń sáré. Ṣájà ló máa ń rà kẹ́yìn, pẹ̀lú ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù lápò. Ó yé mi, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Ṣájà tó dáa lè wà níbẹ̀ títí mọ́tò mẹ́ta á fi gbó, òun ló sì máa sọ bóyá bátìrì LiPo (lithium polymer, irú tó sábà máa ń wà nínú àwọn ohun ìṣeré yìí) á bá yín kalẹ́ tàbí á wú kí oṣù mélòó kan tó pé. Owó kékeré lè ra ṣájà gidi, tí ẹ bá ti mọ ohun tó yẹ kí ẹ wò lára rẹ̀.

Iṣẹ́ tí bálánsì ń ṣe

Fóòtì (V) 3.7 ni wọ́n ń kọ sára sẹ́ẹ̀lì LiPo kan. Tó bá kún, á wà ní 4.20, tó bá lọ sísàlẹ̀ 3.0, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Bátìrì 3S jẹ́ sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀ léra, nítorí náà 12.6 ni fóòtì rẹ̀ tó bá kún.

Ṣájà tí kò mọ bálánsì, ìyẹn mímú kí fóòtì àwọn sẹ́ẹ̀lì dọ́gba, àpapọ̀ yẹn nìkan ló ń wò. Ó lè rí 12.6 kó sì dúró, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan wà ní 4.10, èkejì ní 4.20, ẹ̀kẹta ní 4.30. Ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní 4.30 yẹn ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: á máa gbóná, á máa wú, ó sì lè gbiná. Ìdí nìyẹn tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi wà lára bátìrì yàtọ̀ sí wáyà ńlá méjì tó ń gbé agbára. Orí rẹ̀ funfun, JST-XH ni wọ́n sì máa ń lò jù. Wáyà inú rẹ̀ fi ẹyọ kan ju iye sẹ́ẹ̀lì lọ: 2S ní 3, 3S ní 4, 6S ní 7. Ibẹ̀ ni ṣájà ti ń wo sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fa díẹ̀ kúrò lára èyí tó bá ti ṣáájú kí àwọn tó kù lè bá a.

Àwọn tí ẹ máa bá pàdé lọ́jà

Èyí tó kéré jù ni àpótí oníná tíńtín mẹ́ta, irú iMAX B3. Bátìrì 2S àti 3S nìkan ló mọ̀, wáyà bálánsì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà ló sì ń gbà fi iná sínú bátìrì. Nǹkan bí áńpù 0.8 ló ń gbé. Tí ẹ bá fi bátìrì 2S 5000mAh (mAh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú) sí i, ó máa ju wákàtí mẹ́fà lọ kó tó kún. Kò ní ojú tí ẹ máa ka nǹkan lára rẹ̀, kò lè gbé bátìrì dé ìwọ̀n ìpamọ́ (fóòtì tó yẹ kó wà tí ẹ bá fẹ́ fi í pamọ́), kò sì lè sọ fún yín pé sẹ́ẹ̀lì kan ti ń kú. Tó bá bá mọ́tò tí ẹ rà wá, ẹ lò ó fún bátìrì kékeré títí ẹ ó fi rí òmíràn. Ẹ má fi owó ara yín rà á.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni iMAX B6 ti SkyRC, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣeré yìí fi bẹ̀rẹ̀. Wáàtì 50, áńpù 5, bátìrì 1S dé 6S, ó sì tún mọ irú bátìrì mìíràn: NiMH, LiFe àti bátìrì olójé. Àbúrò rẹ̀, B6 mini, ní wáàtì 60 àti áńpù 6. Iṣẹ́ wọn dáa, ẹnu ò sì lè kọ ọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé àwọn méjèèjì kò ṣeé kì bọ iná ara ògiri. Iná DC (irú tí bátìrì àti adapútà ń gbé jáde) tó wà láàárín fóòtì 11 sí 18 ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀yin lẹ máa wá a.

Ẹni tí kò fẹ́ wá nǹkan kan kún un lè ra èyí tó ń jẹ iná ògiri tààrà. SkyRC S65 wà níbẹ̀, wáàtì 65 àti áńpù 6, fún 2S dé 4S. ISDT 608AC tún yàtọ̀: wáàtì 50 lórí iná ògiri, àmọ́ tí ẹ bá rí iná DC tó lágbára fún un lọ́jọ́ iwájú, á gbé wáàtì 200. Mo fẹ́ràn irú ètò yìí fún ẹni tó mọ̀ pé bátìrì òun á máa tóbi sí i.

Àwọn tó kù ni àwọn kékeré alágbára tó ń jẹ DC nìkan: ToolkitRC M6 (wáàtì 150, áńpù 10), ISDT Q6 Nano (wáàtì 200, áńpù 8), àti SkyRC B6neo (wáàtì 200 lórí DC, wáàtì 80 lórí USB-C). Wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ojú wọn mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi fóòtì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn bí iná ṣe ń wọlé. Lójú tèmi, àwọn wọ̀nyí ni owó kékeré ti ń rí èrè jù, tí ẹ bá ti ní ohun tó máa bọ́ wọn nílé.

Wáàtì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Áńpù ni wọ́n ń fi lẹ́tà ńlá kọ sára páálí, àmọ́ wáàtì ló máa ń dá ṣájà dúró. Ìṣirò rẹ̀ kò le: fóòtì bátìrì tó kún, ẹ fi áńpù sọ ọ́ di púpọ̀. Áńpù tó yẹ bátìrì ni èyí tí wọ́n ń pè ní 1C, ìyẹn ni pé bátìrì 2200mAh gba áńpù 2.2, ti 5000mAh gba áńpù 5. Ohun tí ṣájà onìwáàtì 50 máa ṣe fún bátìrì mélòó kan nìyí:

| Bátìrì | Wáàtì tó nílò ní 1C | Áńpù tí wáàtì 50 lè fún un |
|---|---|---|
| 3S 2200mAh | 28 | 2.2, ó tó |
| 4S 1500mAh | 25 | 1.5, ó tó |
| 2S 5000mAh | 42 | 5, ó tó |
| 3S 5000mAh | 63 | nǹkan bí 4 |
| 4S 5000mAh | 84 | nǹkan bí 3 |
| 6S 5000mAh | 126 | nǹkan bí 2 |

Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn. Bátìrì 6S 5000mAh lórí ṣájà onìwáàtì 50 á lò ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ. Kò ní bàjẹ́, ẹ ó kàn jókòó tì í ni, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi LiPo sílẹ̀ lórí iná kó sì jáde. Ẹni tó ń lo dúróònù kékeré pẹ̀lú 4S 1500mAh, ní tirẹ̀, kò nílò wáàtì 200 àfi tó bá fẹ́ ṣájì bátìrì mẹ́rin pọ̀ lórí pátákó kan ṣoṣo. Ìyẹn sì ní òfin tirẹ̀: iye sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ bára mu, fóòtì wọn gbọ́dọ̀ sún mọ́ra gan-an kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó kún á ya lu èyí tó ṣófo lójijì. Mi ò gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti ṣe é.

Iná tó ń wọ inú ṣájà

Ibí ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n ra ṣájà onìwáàtì 200, wọ́n wá fi adapútà fóòtì 12 áńpù 5 bọ́ ọ. Méjìlá lọ́nà márùn-ún jẹ́ 60. Ṣájà ò lè mú jáde ju ohun tí wọ́n fún un lọ, nítorí náà kò ní tó wáàtì 60 tó máa dé ọ̀dọ̀ bátìrì. Ẹ ṣírò iye ṣájà pọ̀ mọ́ iye ohun tó máa bọ́ ọ kí ẹ tó fi ọ̀kan wé èkejì, torí ṣájà DC tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú lè wá wọ́n ju èyí tó ń jẹ iná ògiri lọ.

Àmọ́ ẹ wo inú ilé yín ná. Adapútà láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń gbé fóòtì 19 àti áńpù 4.74 jẹ́ wáàtì 90, ó sì ń bọ́ ToolkitRC M6 dáadáa, nítorí fóòtì 7 sí 28 ni ìyẹn ń gbà. Ẹ kàn sọ fún ṣájà nínú ètò rẹ̀ pé kó má fà ju wáàtì tí adapútà lè gbé lọ. Ẹ má fi adapútà yẹn sí iMAX B6 o! Fóòtì 18 ló parí sí, 19 sì lè sun ún. Ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ń lo USB-C onìwáàtì 65 ti ní ohun tó máa bọ́ B6neo láìná kọ́bọ̀ kún un. Bátìrì mọ́tò ńlá náà ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń ṣeré ní pápá, kó kàn ṣètò ṣájà kó dúró kí bátìrì mọ́tò tó rẹ̀ jù, kó má bàa rìn wálé.

Ìpamọ́, ibi tí àwọn kékeré ti ń jábọ̀

LiPo tí wọ́n fi pamọ́ ní kíkún máa ń yára gbó. Tí ẹ ò bá ní lò ó láàárín ọjọ́ mélòó kan, fóòtì 3.80 sí 3.85 ló yẹ kí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà. Ṣájà yòówù tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ bi olùtajà léèrè: ṣé ó lè fa iná jáde lára bátìrì, wáàtì mélòó ló sì ń fà?

iMAX B6 ń fa wáàtì 5. Bátìrì 4S 5000mAh tó kún ní nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 35 tó gbọ́dọ̀ jáde kó tó dé ìwọ̀n ìpamọ́. Wákàtí méje nìyẹn. Àwọn tuntun ń fa ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò sí èyí tó yára gan-an, nítorí ara ṣájà kékeré ò lè gba ooru púpọ̀. Tí òjò bá lé yín wálé pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin tó kún, gílóòbù iwájú mọ́tò ńlá tó jẹ́ fóòtì 12 lè fa ti 3S jáde kíákíá, kí ẹ sì máa wo fóòtì rẹ̀ láìgbójú kúrò.

Ojúlówó àti ayédèrú

Kò sí ṣájà tí wọ́n ṣe ayédèrú rẹ̀ tó iMAX B6. Ojúlówó ti SkyRC ní àmì ìdánimọ̀ tó ń dán, tí ẹ lè fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wádìí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Ayédèrú mìíràn ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ìwọ̀n fóòtì rẹ̀ lè má tọ́, ìwọ̀n fóòtì yẹn gan-an sì lẹ tìtorí ẹ̀ ra ṣájà bálánsì.

Ẹ lè yẹ ṣájà èyíkéyìí wò fúnra yín. Ẹ ṣájì bátìrì kan kún, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi mítà wọn orí funfun yẹn: ẹnu mítà méjèèjì lórí wáyà méjì tó tẹ̀ léra, lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé òpin. Ohun tó yẹ kí ẹ rí ni 4.20, tàbí kó yàtọ̀ pẹ̀lú 0.01 tàbí 0.02. Tí ẹ bá rí 4.25, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ ṣọ́ra kí irin mítà má kan wáyà méjì lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tí màá rà

Tí mo bá ní adapútà láptọ́ọ̀pù tàbí USB-C tó lágbára nílé, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì: M6, Q6 Nano tàbí B6neo, èyíkéyìí tó bá rọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn. Tí mi ò bá ní nǹkan kan, tí bátìrì mi ò sì ju 4S lọ, S65. Tí mo bá ti ń wo 6S lọ́ọ̀ọ́kán, 608AC. B6 ojúlówó ṣì tọ́ sí ẹni tó rí i ní owó pọ́ọ́kú tó sì ní iná fóòtì 12 lọ́wọ́, pàápàá tí NiMH àti bátìrì olójé bá pọ̀ nílé rẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì tó ń ṣeré pọ̀ lè da owó ra HOTA D6 Pro, tó lè ṣájì bátìrì méjì lẹ́ẹ̀kan náà tó sì ń jẹ iná ògiri ní wáàtì 200. Bluetooth àti áàpù orí fóònù kò yẹ kó mú yín san kọ́bọ̀ kún un.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ yan LiPo kí ẹ tó tẹ ìbẹ̀rẹ̀. Ètò NiMH kì í dúró ní 4.20, ètò LiHV (irú LiPo tí fóòtì rẹ̀ ga jù) sì ń gbé sẹ́ẹ̀lì dé 4.35, LiPo lásán ò sì lè gbà á. Ẹ gbé bátìrì sórí ohun tí iná ò lè ràn, ẹ jẹ́ kí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí eré bọ̀ tutù ná, ẹ má sì fi èyí tó ti wú sí i rárá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo orí wáyà ńlá bátìrì yín. Orí XT60 ló wà lára púpọ̀ nínú àwọn ṣájà tuntun. Tí tiyín bá jẹ́ Deans, EC3 tàbí Tamiya, ẹ ra wáyà àárín tó máa so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí bátìrì má bàa dé ilé kó máa wo ṣájà lójú.