SLR, ìbọn tí wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́ ní Zaria

Ọmọ àbúrò mi kan níbí ní Kàdúná ló bi mí lánàá pé bàbá, nínú gbogbo ìbọn tẹ́ ẹ gbé nígbà tẹ́ ẹ wà nínú ṣọ́jà, èwo ló dáa jù, mi ò tiẹ̀ rò ó, SLR ni mo sọ, ìyẹn Self-Loading Rifle, ìbọn tó ń ti ọta tó kàn sípò fúnra ẹ̀. Ó yà á lẹ́nu, torí AK lòun ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Ilé iṣẹ́ FN ní Herstal, ní Belgium, ló ni ìbọn yẹn níbẹ̀rẹ̀, Dieudonné Saive ló ṣẹ̀dá ẹ̀, FAL ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1954 ni wọ́n sọ ọ́ di SLR, wọ́n yọ ti pé kó máa yìn léraléra kúrò, tó o bá fa tírígà lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ló ń jáde, ó dìgbà tó o bá jù ú sílẹ̀ kó o tó tún fà á. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ nìyẹn o! Ọta 20 ló wà nínú mágásíìnì, o mọ̀ pé kò níí dà bí òjò fún ẹ, wàá fojú sun ibi tó o fẹ́ yìn ín sí dáadáa. 1982 tí mo wà ní Depot, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ṣọ́jà tuntun ní Zaria, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ ogun Falklands, SLR lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, FAL lọ́wọ́ Argentina, ọmọ ìyá méjì ló kọjú síra wọn.

Àmọ́ ó wúwo, ó ju kílò 4 lọ kó o tó kó ọta sí i, ó sì gùn ju mítà 1 lọ. Ọta ẹ̀ náà lágbára ju ti AK lọ, tó ò bá fi ìdí ẹ̀ ti ejìká dáadáa á gbá ẹ, ejìká mi wú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ti eruku ọyẹ́ ńkọ́? Òyìnbó gé ojú ihò wọ́gọwọ̀gọ sára irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀ kí iyanrìn lè ríbi wọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó ò bá nù ún kó o fepo pa á, á há. AK ju ú lọ níbẹ̀, mi ò lè purọ́.

Ẹ má sì pa mágásíìnì ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti FAL tí DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba, ṣe ní Kàdúná níbí o, ti FAL á wọ inú SLR bó tiẹ̀ ń mì, ti SLR ò níí wọ FAL láé, torí ínǹṣì ni wọ́n fi wọn SLR, mílímítà ni wọ́n fi wọn FAL.

Ọmọ yẹn wá ní níbo ni wọ́n ti ń tà á. Mo ní kò sí níbì kankan, òfin ìbọn Nàìjíríà dárúkọ ìbọn ológun tí ọta ẹ̀ jẹ́ mílímítà 7.62, irú ti SLR gan-an, mọ́ èyí tí ará ìlú ò gbọ́dọ̀ ní.