MGB, Mercedes SL, Peugeot 504 Coupé: èwo ló yẹ ẹni tó fẹ́ máa ti Ìjẹ̀bú rìn jìnnà?

Kí ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: bó bá dákú sójú ọ̀nà Ògbèrè lọ́sàn-án Sátidé, ta ló máa tún un ṣe, níbo lonítọ̀hún sì ti máa rí páàtì? Ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ kàn dúró sínú ọgbà kí àlejò máa wò ó lè ra èyí tó bá wù ú. Ẹni tó fẹ́ máa gbé e ti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù lọ sí Bìní, sí Àkúrẹ́, sí Ìlọrin, tó sì fẹ́ padà wálé lórí táyà ara rẹ̀, ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló máa yan ọkọ̀ fún un. Ìbéèrè yẹn ni mo fi díwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

MGB jẹ́ ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Abingdon ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1962 títí di 1980, èyí tó jáde sì lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Sílíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 1798 cc. Mercedes SL tí mò ń sọ ni R107, tí wọ́n ṣe ní Jámánì láti 1971 títí di 1989. 280 SL onísílíńdà mẹ́fà àti 450 SL oní-V8, ìyẹn onísílíńdà mẹ́jọ, lẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń tà á. Ní ti Peugeot 504 Coupé, ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ló ya àwòrán rẹ̀, àwọn náà ló sì ń kọ́ bọ́dì rẹ̀, láti 1969 títí di 1983. Àwọn kan á ní 504 kì í ṣe ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Mo mú un wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nítorí ọ̀nà tiwa, ìdí rẹ̀ sì máa yé yín láìpẹ́.

Bọ́dì là ń rà

Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ ṣeé sọ̀ kalẹ̀, ó ṣeé tún ṣe, ó sì ṣeé pààrọ̀. Bọ́dì tí ìpẹtà ti jẹ ló ń sọ olówó di onígbèsè. Lọ́dọ̀ wa níbí, yàtọ̀ sí ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, òjò ń rọ̀ láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá. Ẹrẹ̀ pupa á wọ abẹ́ féńdà, á gbé omi dúró síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tà á á fi bọ́dì fílà dí gbogbo ihò, á fín ọ̀dà tuntun lé e, ọkọ̀ á máa dán gbinrin. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eje lọ.

Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan, tí ẹ fi aṣọ wé kó má ba ọ̀dà jẹ́, tó láti tú àṣírí. Mo dúró ti pánẹ́bítà kan ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tó ń fi í yẹ MGB pupa kan wò. Ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ mọ́ féńdà. Kò lẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin náà kò sì wí nǹkan kan, torí alumíníọ́mù ni bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn MGB àkọ́kọ́. Nígbà tó dé irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn, mágínẹ́ẹ̀tì já bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fi ìdí sukudiráfà kàn án, ó dún gbì. Ó fi ẹnu rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹnu náà sì wọlé títí dé ìdí, ni fílà funfun àti ìpẹtà pupa bá jọ dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Irin abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀ lára MGB. Ọkọ̀ náà kò ní ṣaasí lọ́tọ̀; irin yẹn ló gbé e ró. Bó bá ti jẹrà, àárín ọkọ̀ á tẹ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé dáadáa mọ́. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti féńdà ẹ̀yìn: bí kò bá dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó fà á. Ìtùnú tó wà níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ń ṣe odindi bọ́dì MGB tuntun láti 1988, páńẹ́ẹ̀lì ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà sì wà ní títà ní ìlú ọba. Ẹni tó bá lówó rẹ̀ lọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ìpẹtà Mercedes máa ń fara pamọ́ sí ògiri irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti dáṣíbọ́ọ̀dù, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí omi òjò ń gbà ṣàn. Kí wọ́n tó lè jó irin tuntun síbẹ̀, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa kúrò. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì iwájú sókè. Bó bá tutù, tàbí tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ẹ dágbére fún ẹni tó ń tà á.

504 Coupé ni mo bẹ̀rù jù ní ti bọ́dì. Féńdà 504 salúùnù, èyí onílẹ̀kùn mẹ́rin, tó kún ọjà Ladípọ̀ nígbà kan rí kò bá a mu, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá a mu, gíláàsì iwájú pàápàá yàtọ̀. Bí páńẹ́ẹ̀lì kan bá ti jẹrà, àfi kí pánẹ́bítà fi ọwọ́ lu irin pẹlẹbẹ títí táá fi gba ìrísí rẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ yẹn ṣì wà, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ mọ́. Nítorí náà, Coupé tí bọ́dì rẹ̀ le, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, sàn fún yín ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ tí abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà.

Ta ló mọ̀ ọ́n tún ṣe?

Ibí yìí ni 504 ti gba iwájú. Láti 1975 ni PAN, ilé iṣẹ́ Peugeot ti Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 salúùnù pọ̀ ní Kàdúná, ọkọ̀ náà sì di ti gbogbo ayé: takisí ni, ọkọ̀ ìjọba ni, ọkọ̀ tíṣà ni. Ṣọ́kù, bọ́ọ̀lì jọ́ìntì, nǹkan bíréékì àti ọ̀pọ̀ nǹkan abẹ́ Coupé bá ti salúùnù tan. Mẹkáníìkì tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, ì báà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní Ìpẹru, á ti sọ ẹ́ńjìnnì 504 kalẹ̀ rí. Spríìngì rẹ̀ sì rọ̀, ó gùn. Ó ń gba kòtò mọ́ra ju àwọn méjì tó kù lọ.

Ìṣòro kan wà ṣá. Coupé onísílíńdà mẹ́rin, 1971 cc, kò lo kábúrétọ̀. Pọ́ǹpù Kugelfischer ló ń fún epo sí i. Pọ́ǹpù náà dára, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tò kò sí lójú ọ̀nà. Ohun tí èmi máa ṣe ni pé màá yọ ẹ́ńjìnnì yẹn, màá fi ọ̀rá kùn ún, màá wé e, màá gbé e pamọ́ sílé, màá wá fi ẹ́ńjìnnì salúùnù oníkábúrétọ̀ rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ kí nǹkan kan yí padà lára ọkọ̀ àtijọ́ lè bínú sí mi. Kí ọkọ̀ máa rìn ló jẹ mí lógún. Oní-V6 tó dé ní 1974 wù èèyàn, àmọ́ kò jẹ àǹfààní páàtì salúùnù tí mò ń wí yìí.

Ẹ́ńjìnnì 280 SL, M110 ni wọ́n ń pè é, 2746 cc, òun náà ló wà nínú 280 E ayé ìgbà yẹn. Mẹkáníìkì Benz kò wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀tá rẹ̀ ni epo ìdọ̀tí. K-Jetronic tó ń fún epo sí àwọn tó dé lẹ́yìn 1976 ní ihò tín-ín-rín tí èérún ìpẹtà kékeré lè dí. Bí ọkọ̀ bá ti dúró lójú kan fún ọdún pípẹ́, ẹ sọ táǹkì kalẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ fíltà, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kíìkì í wò ti gbé ìpẹtà táǹkì lọ síbi tí owó ńlá wà. 450 SL ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn lọ́dọ̀ mi.

MGB ló rọrùn jù láti lóye. Kábúrétọ̀ SU méjì, kọ́ńtáàtì, kọ́ìlì: ẹni tó bá ní sùúrù lè fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n láàárín òpin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìlú òkèèrè ni páàtì rẹ̀ ti ń wá, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín ni ilé ìtajà tó máa bá yín rìn. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ṣáájú ìparí 1967: ẹsẹ̀ pọ́sítíífù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Rẹ́wáyà tí kò mọ̀ á so ó bó ṣe máa ń so ti ọkọ̀ yòókù, rédíò á sì jóná. Ẹ tún bèèrè ofadíráìfù, jíà àfikún tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọra yí bí ọkọ̀ bá ń sáré. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì á máa yí ní nǹkan bí ìgbà 3,500 ní ìṣẹ́jú kan bí ẹ bá ń sá 100 km ní wákàtí kan lójú ọ̀nà Bìní, orí á sì fọ́ yín kí ẹ tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sítíárìn ṣe kókó. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. MGB tó wọ ìlú ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Ẹ rò ó wò lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn, níbi tí ọkọ̀ ń lọ tí ọkọ̀ ń bọ̀ lójú kan náà: bí tírélà bá wà níwájú yín, odindi ara ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ yọ síta kí ojú yín tó rí ohun tó ń bọ̀. Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi irú rẹ̀ rìn jìnnà. MGB tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ni kí ẹ wá, ọwọ́ òsì ni tirẹ̀, àwọn ni wọ́n sì pọ̀ jù. Àwọn tó dé lẹ́yìn 1974 ní bọ́ńpà rọ́bà dúdú, ara wọn sì ga nílẹ̀ díẹ̀ sí i. Àwọn olólùfẹ́ MGB kórìíra gíga yẹn. Kòtò tiwa fẹ́ràn rẹ̀.

Kí ọkọ̀ di tiyín

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ sáré lọ ra ríìmù àti rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, bíréékì ni kí owó kọ́kọ́ bá, kó kan táyà, kó wá kan omi ẹ́ńjìnnì. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019. Táyà tó ti pẹ́ lè bẹ́ bí ojú rẹ̀ bá tiẹ̀ ṣì mọ́.

Ẹni tó bá ti há sínú gosiló ní Ṣágámù Interchange lọ́sàn-án gangan mọ ohun tí ooru lè ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún inú radiétọ̀ ṣe, kí wọ́n fi fáànù oníná tó ń tan ara rẹ̀ sí i. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ yọ tàmósítáàtì, èyí tó ń darí ooru ẹ́ńjìnnì, dànù, ẹ má gbà. Tuntun ni kó fi sí i.

AC wọ Mercedes àti 504 dáadáa. Lára MGB, àyè rẹ̀ fún, ẹ fi í sílẹ̀. Bẹ́líìtì tó gba àyà kọjá ṣe dandan fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún ìjókòó, aṣọ tó nípọn ni mo fẹ́ ju awọ lọ, torí awọ tí oòrùn ti pa ń jó itan. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé ọkọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ni lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹ fi aṣọ òkè ẹgbẹ́ yín bo inú ilẹ̀kùn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó lé. Gbogbo nǹkan tí ẹ bá yọ, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi, 504 Coupé onísílíńdà mẹ́rin tí bọ́dì rẹ̀ le ni màá rà fún ọ̀nà jíjìn. Ẹni tówó ò ṣòro fún, tó fẹ́ ìtura AC, kó ra 280 SL. MGB wà fún ẹni tí ọwọ́ dídọ̀tí kò sú, tí Ẹpẹ́ àti Ìbàdàn sì tó o rìn.

Ní ti ìwé, kọ́sítọ́ọ̀mù kì í gba ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti kọjá iye ọdún kan wọlé, gbogbo ọkọ̀ tí mo dárúkọ yìí ló sì ti kọjá rẹ̀. Èyí tó ti wà nílẹ̀ yìí, tí ìwé rẹ̀ pé, ni kí ẹ wá. Nọ́ńbà ṣaasí inú ìwé gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára irin mu, ẹ sì kà á fúnra yín kí ẹ tó kówó sílẹ̀.