Dírílì oníwáyà àti oníbátìrì: èwo ni kí ẹ rà?

Ti owó àti ti agbára, ẹni tó ń tà á yóò ti sọ ọ́ tán kí ẹ tó béèrè. Ohun tí kì í sọ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bíìtì, irin ẹnu dírílì tó ń lu ihò, bá há.

Dírílì oníwáyà tó wọ́pọ̀, 500W sí 750W, kò mọ̀ pé bíìtì ti há. Mọ́tò rẹ̀ ṣì fẹ́ yí. Bí bíìtì kò bá lè yí mọ́, dírílì fúnra rẹ̀ ni yóò yí, tòun ti ọrùn ọwọ́ yín. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lára líńtẹ̀lì níbi tí bíìtì ti ń kan rọ́ọ̀dù, àti lára irin pẹlẹbẹ nígbà tí bíìtì bá fẹ́ yọ sí òdìkejì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ìdìmú kejì, sínú páálí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀bùn ọdún ni. Ẹ dè é mọ́ ọn, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Irin kékeré tí ẹ ń lu, kílámpù ni kó dì í, kì í ṣe ọwọ́.

Ẹ tún wo bọ́tìnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìka ń tẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, dírílì á máa yí lọ bí ẹ tilẹ̀ jáwọ́. Àfi kí ẹ tún tẹ ibi ìka lẹ́ẹ̀kan kó tó dúró. Ká ní NEPA mú iná lọ lórí irú èyí, tí ẹ sì gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí iná bá dé, á fò sókè láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ní Òṣogbo tiwa yìí, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe. Bí ó bá ti lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bíìtì, ẹ má sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń de bíìtì sẹ́nu rẹ̀.

Oníbátìrì 18V ní òrùka onínọ́ńbà lọ́rùn. Ní nọ́ńbà kékeré, bí síkúrúù bá há, ka-ka-ka lẹ ó gbọ́, ọwọ́ yín kò ní yí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí òrùka náà dé àwòrán bíìtì, ààbò yẹn ti lọ nìyẹn. Ọwọ́ gbọdọ̀ le. Bí ẹ bá jáwọ́, ó dúró. Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó pààrọ̀ bíìtì.

Ẹ má gba “48V” tàbí “88V” tí wọ́n kọ sára àwọn olówó pọ́ọ́kú gbọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì márùn-ún bá wà nínú bátìrì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.6V, 18V náà ni. Ah, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́, ni kí ẹ wò: 4Ah á pẹ́ ju 2Ah lọ.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sáábà gbé 750W. Lórí àkàbà, wáyà a máa kọ́ni lẹ́sẹ̀. Ìbọ̀wọ́ àti apá aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ kò yẹ nídìí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Awò ojú yẹ.

Ẹni tó ń lu kọnkéré lójoojúmọ́, oníwáyà tó ní hámà, tó ń gbá bí ó ṣe ń yí, ni kó rà, kò sí àríyànjiyàn. Ti kọ́tìnì, kọ́bọ́ọ̀dù àti ilẹ̀kùn, tó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé láti Òkè-Fíà dé Ọláìyá, oníbátìrì ti tó, bí bátìrì méjì bá wà nínú páálí. Ẹ ṣí páálí náà níwájú ọlọ́jà, kí ẹ sì dán bátìrì méjèèjì wò kí ẹ tó sanwó.