Ìyá oníkọ́kọrẹ́ Odogunyan, àti ọ̀rọ̀ tó bọ́ sẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Ẹnu àbúrò mi tó wà ní LASUSTECH, yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkòròdú, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo bi í bóyá èsì ìdánwò wọn ti jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó dì ná." Kí ló fẹ́ dì? Ó rẹ́rìn-ín, ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Obìnrin kan dúró ti ìkòkò ìkọ́kọrẹ́, orógùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: "Má tíì rò ó! Jẹ́ kó dì ná!"

Bí mo ṣe di oníbàárà ìyá náà nìyẹn. Ojú ọ̀nà Ṣàgámù ní Odogunyan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, kò jìnnà sí ẹnu géètì yunifásítì náà, èyí tí a mọ̀ sí Poly kó tó di yunifásítì ní 2022. Tábìlì mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀.

Oúnjẹ rẹ̀ dára. Ewùrà gidi ni wọ́n ń rin. Wọ́n á máa fọwọ́ bù ú sínú ọbẹ̀ epo tó ń hó, wọn ò sì ní fi orógùn kàn án títí tí yóò fi dì. Bí wọ́n bá tètè rò ó, gbogbo rẹ̀ á yọ́, eyín ò ní bá kókó kankan. Tirẹ̀ ní kókó, ó ní edé, ẹja gbígbẹ rẹ̀ kò korò. Ata rẹ̀ ló pọ̀ jù. Abọ́ kan jẹ́ ₦1,500.

Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni mò ń ṣe ní girama kan ní Igbógbó, nítorí náà etí mi kì í sinmi níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà. Ọmọbìnrin kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń ròyìn ọmọkùnrin kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Kò tíì dì o." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Má tíì rò ó, jàre." Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. Rò tí à ń ro oúnjẹ àti rò tí à ń ro nǹkan lọ́kàn, ohùn kan náà ni. Ọmọ yẹn fi ẹ̀ẹ̀kan sọ méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ! Ẹni tó bá rí yàrá gbà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì á ní "ó ti dì".

Mo ti ṣàròyé rí pé fídíò kéékèèké wọ̀nyí ń ba ẹnu àwọn ọmọ jẹ́. "Rizz", ìyẹn òòfà tí èèyàn fi ń fa olólùfẹ́ mọ́ra, tí Oxford University Press yàn ní ọ̀rọ̀ ọdún 2023, àbúrò mi ò jẹ́ kí n gbádùn nítorí rẹ̀, mi ò sì tíì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí WhatsApp, "je ko di" ni wọ́n máa ń kọ, láìsí àmì kankan. Èèyàn lè kà á sí dí, ó lè kà á sí di. Ti TikTok yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ohùn inú fídíò kan lè mú un, kó fi sábẹ́ fídíò tirẹ̀, Musical.ly, áàpù fídíò tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ ọn ní 2018, orí ohùn ẹlòmíì náà ló dúró lé. Mo rí ọmọ kan tó fi ohùn ìyá yìí sábẹ́ ọkọ̀ tí kò tíì kún ní gáréèjì Ìkòròdú, tí awakọ̀ ń retí èrò méjì péré. Ohùn ìyá gan-an ni wọ́n ń gbé kiri, dò-rè-mí rẹ̀ pé pérépéré. Àbúrò mi tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ń pe "dì" bí ẹni tí wọ́n bí sídìí ààrò.

Ìyá ò mọ̀ pé ọmọ òun ti gbé fídíò náà síta, àfi lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin kan kí i ní "Ìyá Jẹ́-kó-dì".

Ohun tó dùn mí ni pé àwọn tó ń ya fídíò máa ń yí ìkòkò ká. Bàbá àgbà kan dúró lẹ́yìn wọn, abọ́ lọ́wọ́, kò rọ́nà kọjá. Ó yẹ kí ìyá wá ibi kan fún wọn. Bó bá sì ti di aago 1 ọ̀sán, oúnjẹ ti tán. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un.

Pátákó tuntun tó gbé síta, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sí i látòkè délẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n bá a kọ "Jẹ́ kó dì ná" sí i, tàmì-tàmì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti ra ọ̀dà.