Ẹ̀rọ ìlọkà ọlọ́wọ́ tí mo fi ń lọ ọkà bíà: ó dáa, àmọ́ sikúrúù ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́

Ẹ̀rọ onírin tó wúwo yẹn ni, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ etí tábìlì tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Torí bíà tí mo ń pọn nílé ni mo ṣe rà á, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kàn yọ ọ́ nínú páálí tẹ́ ẹ da bálì (ọkà tí wọ́n fi ń ṣe bíà) sí i bó ṣe wà, ẹ máa bínú sí i, torí ìyẹ̀fun ni wọ́n dìídì ṣe é fún, wọn ò ro ti bíà mọ́ ọn rárá.

Irin pẹlẹbẹ eléyín méjì ló ń lọ ọkà nínú ẹ̀, bí ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ: ìyá kì í mira, ọmọ ló ń yí, sikúrúù iwájú ló sì ń ti ọmọ sún mọ́ ìyá. Ohun tá à ń wá ni kí inú ọkà fọ́ kí èèpo ẹ̀ má fọ́, torí èèpo yẹn ló máa di asẹ́ fún wa tá a bá ti rẹ ọkà náà sínú omi gbígbóná tá a wá fẹ́ sẹ́ omi ẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lò ó mi ò mọ ìyẹn, mo yí sikúrúù pa, mo ṣáà rò pé bó bá ṣe kúnná tó ni ṣúgà á ṣe jáde tó, kílò 5 ni mo lọ báyẹn. Nígbà tí mo fẹ́ sẹ́ ẹ, ó dì gbagidi, omi ò sọ̀ mọ́, ó kàn ń kán tó, tó, mo dúró tì í títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, ìgbẹ̀yìn mo dà á sínú àpò aṣọ mo fọwọ́ fún un. Bíà ọ̀hún wá ń gbẹ ahọ́n bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sínú omi gbígbóná, èèpo tó ti kúnná yẹn ló fà á.

Ní báyìí, mo máa ń yí i títí irin méjèèjì á fi kanra, màá wá dá a padà díẹ̀díẹ̀, màá lọ ẹ̀kúnwọ́ kan, màá tẹ́ ẹ sórí bébà funfun. Tó bá ti dáa, èèpo á là bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, inú ẹ̀ á ṣófo, ohun tó bọ́ nínú ẹ̀ á rí wóróworó. Tí mo bá rí odidi ọkà, mo máa ń fún un sí i díẹ̀. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ oníróólà méjì (irin róbótó gbọọrọ méjì tó ń yí tó ń tẹ ọkà láàárín) máa ń wọn àlàfo àárín ẹ̀, mìlímítà 0.9 sí 1.2 ló sábà máa ń jẹ́ (káàdì báǹkì jẹ́ 0.76, èyíinì ni pé ó yẹ kó wọlé kó tún ku àyè díẹ̀), àmọ́ tiwa yìí léyín, ojú lèèyàn fi ń mọ̀ ọ́n.

Àléébù ẹ̀ gan-an rèé: nọ́ọ̀tì tó di sikúrúù mú máa ń tú fúnra ẹ̀ téèyàn bá ń yí i lọ, tẹ́ ẹ bá fi máa lọ kílò kan tán ó ti ṣí sílẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀. Nọ́ọ̀tì kejì ni mo fi tì í lẹ́yìn, kò tú mọ́ látìgbà yẹn. Ọmọ ọlọ náà tún ń gbọ̀n, apá kan á kúnná apá kan á le, wáṣà tín-ín-rín kan ni mo ki sẹ́yìn ẹ̀ tó fi dúró. Irú nǹkan báyìí ó yẹ káwọn tó ṣe é ti mójú tó o jàre.

Ẹ tún gbìyànjú èyí wò: ẹ wọ́n omi sí ọkà yẹn kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́, mìlílítà 20 fún kílò kan, ẹ fọwọ́ rò ó dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Èèpo á rọ̀ bí awọ, kò ní fọ́. Ẹ ṣáà nu ẹ̀rọ gbẹ lẹ́yìn náà kó má dípẹtà. Ẹ má sì lọ ọkà nínú yàrá tí bíà tó ń hó wà o, eruku ẹ̀ ní kòkòrò tó ń mú bíà kan.

Wíìtì (àlìkámà) kéré ju bálì lọ ó sì le jù ú, ọ̀tọ̀ ni mo máa ń lọ tiẹ̀. Mo ti fi ọ̀dà èékánná sàmì méjì sára sikúrúù ọ̀hún, pupa fún bálì, funfun fún wíìtì.