Wọ́n ní kí n ju kọ̀ǹpútà mi nù: àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù kan ní Computer Village

Èmi kì í kọ àgbéyẹ̀wò. Ọmọ iṣẹ́ kan ló fà á, èyí tí kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀ tó fi sọ fún mi pé: "Mọ́mì, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ ju èyí nù, kí ẹ ra òmíràn."

Láti Ṣómólú ni mo ti gbé kọ̀ǹpútà náà, mo fi ìró wé e bí ọmọ tuntun. Ní Onípáànù, kọ̀ńdọ́kítọ̀ gba owó ìjókòó méjì lọ́wọ́ mi, ó ní ẹrù mi náà jókòó. Oòrùn pa mí dé Ọ̀tìgbà, àwọn tó ń bèèrè pé kí ni mo fẹ́ rà ń fà mí láṣọ. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọ yìí kò tú ẹ̀rọ náà, kò tàn án. Debian ló ń darí ẹ̀rọ mi, bí Windows ṣe ń darí ti ẹlòmíràn. Ọmọ náà bi mí pé ẹ̀dà Debian wo ló wà lórí ẹ̀. Mo ní 12 ni, ti 32-bit, irú àtijọ́ tó ṣáájú 64-bit òde òní. Mo fẹ́ bọ́ sí 13, mo wá fáìlì tí wọ́n fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ, mi ò rí i. Ìgbà yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ òkè yẹn. Ó wá nàka sí láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan: ₦280,000. "Owó kọ́sítọ́mà ni mo pè fún yín o."

Mo ní lọ́kàn mi pé wọ́n ti rí mùgù. Ẹ̀rọ tó ṣe ìwé ètò ìsìnkú lánàá, òun lẹ ní kí n jù nù? Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Mi ò sì lè kúrò lórí Debian, torí fíláàṣì àwọn oníbàárà wa ní kòkòrò Windows ju ẹ̀wà ọdún mẹ́ta lọ.

Mo gbé ẹrù mi, mo padà sílé, mo tún san owó ìjókòó méjì.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Mo ka àlàyé tí àwọn Debian kọ sí ẹ̀dà 13, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ó wà níbẹ̀ gbangba. Wọn ò ṣe kernel, tí í ṣe ọkàn ètò náà, àti ètò ìgbésórí-ẹ̀rọ fún 32-bit tí wọ́n ń pè ní i386 mọ́. Ìwọ̀nba tó kù níbẹ̀ wà fún ètò àtijọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ 64-bit. Kí ẹni tó wà lórí i386 má ṣe bọ́ sí 13. Kó gbé 64-bit sórí ẹ̀rọ rẹ̀ lákọ̀tun bí ẹ̀rọ bá gbà á, tàbí kó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn o, ìfẹ̀yìntì, bí òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì.

Ọmọ yẹn kò purọ́, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ṣùgbọ́n ó fo "bí ẹ̀rọ bá gbà á."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wọn wà níbẹ̀. Mo gbé láàpútọ́ọ̀pù kékeré mi kún un. Bàbá náà ní, "Ẹ jókòó, Mà. Ẹ jẹ́ ká bi òun fúnra rẹ̀." Ó tẹ lscpu, àṣẹ tó ń sọ irú ọpọlọ tí ẹ̀rọ ní. Ìlà kan jáde: 32-bit, 64-bit. Core 2 Duo ni ọpọlọ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti lè gbé 64-bit, ẹni tó bá mi ṣètò rẹ̀ ló fún un ní 32. Àbúrò ọkọ mi ni ẹni náà. Mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èyí kékeré, tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Atom N270, 32-bit nìkan ló mọ̀. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀ lórí 12, pé ẹgbẹ́ LTS, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀dà Debian àtijọ́, yóò máa tún ààbò rẹ̀ ṣe títí di oṣù kẹfà ọdún 2028.

Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń yọ ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Mà, ní Ṣómólú yín, ta ló ṣì ń to lẹ́tà òjé?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ètò inú Debian ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún kọ́ fún irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan sì dán an wò. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbowó, àwọn tó ṣì ní ẹ̀rọ 32-bit tí wọ́n lè fi dán an wò sì ń dín kù. Ó ní orí ẹ̀rọ 386, irú 32-bit àtijọ́, ni Linus Torvalds ti bẹ̀rẹ̀ Linux, kernel tí Debian ń lò, ní 1991, òun náà ló sì gbà kí wọ́n yọ 386 kúrò ní 2012, kò sunkún. Mo gbà. Ohun tí mi ò gbà ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣọ́ọ̀bù yìí ti nu eruku inú ẹ̀rọ mi ní 2024, wọ́n gbowó, wọ́n mọ ohun tó ń bọ̀, ẹnìkan kò là á fún mi.

₦15,000 ni iṣẹ́ náà. Wọ́n ní Wẹ́sìdeè, Fúráìdeè ni mo rí i gbà. Nígbà tí mo tàn án, fọ́ọ̀ntì mi ti lọ! Wọ́n da iṣẹ́ mi kọ, ṣùgbọ́n wọn ò da àpò fáìlì tí fọ́ọ̀ntì wà nínú rẹ̀ kọ, èyí tí àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, tí kì í hàn. Ìwé ìsìnkú ọjọ́ Sátidé wà nílẹ̀. Mo tẹ "ọkọ", àmì abẹ́ lẹ́tà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Mo pariwo lórí fóònù débi pé ọ̀gbẹ́ni tó ń gé ìwé níwájú mi dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

Sátidé, aago méje kò tíì lù, ta ló kan ilẹ̀kùn? Ọmọ iṣẹ́ yẹn. Ó gbé dísìkì àtijọ́ lọ́wọ́, wọn ò tíì pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀. Ó ní ọ̀gá kò rán òun. Ó dojú fóònù rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, ó kó fọ́ọ̀ntì padà, ó ṣí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó wà lábẹ́ Nigeria, ó ní kí n tẹ "Ìdárò" wò. Ó bọ́ sí i. Kò gba kọ́bọ̀. Ó bá wa mu gàrí, ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, ó yẹ kí n ti tan ẹ̀rọ yín lọ́jọ́ yẹn." Ìwé náà jáde kí àwọn olókùú tó dé, ẹ̀rọ náà sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ní Debian tó ń yọ yín lẹ́nu, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ sọ pé ọ̀gá lẹ fẹ́ rí.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ṣájà láàpútọ́ọ̀pù kékeré yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ìgbàkígbà tí mo bá pè wọ́n, "Ó wà níbí, Mà" ni.