Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo fi kọ́ àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta: ṣé ó tó owó tí mo san?

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. ₦60,000 ni mo san fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Aró, ìko àti láfún wà nínú owó yẹn. Aṣọ funfun kò sí níbẹ̀. Yáàdì mẹ́wàá tí mo lò, àpò ara mi ló ti jáde.

Kì í ṣe ìfẹ́ àdìrẹ ló gbé mi débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé ni mo ní ní Mushin, ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sínú rẹ̀. Ní ìparí 2023, mo ta gbogbo ọjà ibẹ̀, mo kó mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ fún ajẹ́ńtì kan tó ní òun máa bá mi rí ìwé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba. Nígbà tó di oṣù kẹta 2024, ìjọba ibẹ̀ ní ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ yẹn kò gbọdọ̀ mú ọkọ àti ọmọ dání mọ́. Mo ní kò burú, màá kọ́kọ́ dá lọ. Ajẹ́ńtì ní kí n ní sùúrù. Mo ní in títí di ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, tí wọ́n ti ọ̀nà yẹn pa mọ́ àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni nọ́ńbà ajẹ́ńtì kò ti lọ mọ́.

Mo kọ́kọ́ wá ìbàlẹ̀ ọkàn lọ síbòmíràn. Mo san ₦20,000 láti wọ gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹjà, níbi tí ọkùnrin oníkóòtù kan ti sọ fún wa pé ìjákulẹ̀ wa ni àkàbà wa. Wọ́n fún wa ní omi inú ike, ìwé kékeré àti bírò. Bírò yẹn dáa. Òun ni mo fi kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní Ìtòkú.

Àbúrò màmá mi tó ń gbé ní Lafẹ́nwá ló ní kí n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun kí n yé tẹjú mọ́ fóònù. Mo wọ rélùwéè ní Agége, mo sọ̀ ní Láderin, mo wọ ọkọ̀ wọ ìlú. Ìyá aláró tí wọ́n mú mi lọ bá, ẹ̀yìn ọjà Ìtòkú ni àgbàlá wọn wà. N kò ní dárúkọ wọn, torí wọn kò fẹ́ èrò. Ẹni mẹ́fà péré ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àdìrẹ lọ́jà, wọ́n á júwe.

Ìko ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ máa fi aṣọ bo òkúta wẹ́wẹ́, ẹ máa fi ìko wé e pinpin, ẹ tún di òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìka mi bó. Nígbà tí mo di bí ogójì tán, ìyá aláró náà, tí a ń pè ní Màmá, fọwọ́ kan méjì, ó tú.

“Ìyá Ìbejì, èyí kò fún. Aró á wọ inú ẹ̀.”

Mo tún gbogbo rẹ̀ dì. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé n kò tíì ro ajẹ́ńtì láti àárọ̀. Kì í ṣe pé inú mi dùn o. Ọwọ́ mi ló dí.

Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti mọ aṣọ rán kò ní rí ohun tuntun púpọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ì bá tó, odindi ọ̀sẹ̀ ni a fi ṣe é.

Ẹlẹ́kọ ni mo fẹ́ kí ẹ torí rẹ̀ lọ. Ẹ ó ro láfún bí ẹ̀kọ, ẹ ó fi ìyẹ́ adìẹ ya àwòrán sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kò ní mú. Màmá ya àwòrán tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn fún wa láìwo ìwé kankan, tòun ti òpó gbọ̀ngàn Màpó Ìbàdàn láàárín. Òpó tèmi dà bí orógùn.

Ìkòkò méjì ló wà: ti aró òyìnbó tí wọ́n ń fi kọ́stíìkì po, àti ti ewé èlú, tí wọ́n rẹ sínú omi eérú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ti èlú ń rùn. Láràárọ̀, kí Màmá tó ṣí i, wọ́n á wúre: agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Àwa á ní àṣẹ. Lọ́jọ́ kìíní, omijé bọ́ lójú mi, torí ìráhùn nìkan ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti oṣù keje. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi ni mo ń gbè é.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fa aṣọ mi jáde nínú èlú, àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ló ní. Mo rò pé mo ti ba yáàdì márùn-ún jẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín.

“Má tíì tún tì í bọ aró báyìí. Gbé e kọ́, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.”

Ó ń dúdú lọ lójú wa, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la tì í bọ aró, ẹ̀ẹ̀mẹfà la gbé e kọ́. N kò lè ṣàlàyé ohun tí ìdúró lábẹ́ okùn yẹn ṣe fún mi. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi dúró de ajẹ́ńtì, àmọ́ n kò rí nǹkan kan tó ń yí padà lójú mi.

Mo ní ẹ̀sùn. Kò sí ìbọ̀wọ́, kọ́stíìkì sì bó ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Nígbà tí mo ráhùn, Màmá ní ìjà kọ́stíìkì ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta. Òótọ́ ni: ní 1936, àwọn aláró ìlú náà bá àwọn aláṣẹ fa á nítorí òfin tó de kọ́stíìkì àti aró òyìnbó. Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n kò wo ọwọ́ mi sàn. Wọ́n ṣi orúkọ mi kọ sára sátífíkéètì. Wọn kò sì kọ́ wa ní bí a ṣe máa tà á, nígbà tí àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà kún ọjà pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ kò tíì padà, mo sì ṣì máa ń ṣírò rẹ̀ lóru lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ mẹ́sàn-án ni mo ti tà. Ìkòkò kan wà lẹ́yìn ilé mi báyìí, àwọn ará ilé sì ti bínú sí òórùn rẹ̀ títí, ó ti sú wọn. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà dání, aṣọ tí ẹ kò fẹ́ràn ni kí ẹ wọ̀. Èékánná yín á dúdú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kẹ́hìndé ní òun kò jẹ ẹ̀bà tí mo bá fi ọwọ́ yẹn tẹ̀.